Kọ́sítọ́mà fi ẹjọ́ wa sun gbogbo ayé lórí Facebook: ṣé ká fèsì ni, ká pa á rẹ́ ni, àbí ká dákẹ́?

Ìyàwó Aláṣọ-Òfì | Òkèlélé, Ìlọrin

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan dé tí mi ò rí ojútùú rẹ̀, ẹ bá mi dá sí i.

Èmi ni mò ń mójú tó Facebook àti Instagram fún ìyá ọkọ mi tí wọ́n ń ta aṣọ òfì. Wọ́n ń hun ún níbí, èmi ń gba iṣẹ́, a ó sì fi wébíìlì ránṣẹ́ sí Èkó, Àbújá, Ọ̀fà, ibikíbi tí ìnáwó bá wà. Lẹ́yìn ìrun Àsàrí lónìí ni mo rí i pé obìnrin kan ní Ọ̀fà ti gbé fọ́tò gèlè àti ìborùn tó rà lọ́wọ́ wa síta, ó fi orúkọ ìsọ̀ wa sí i, ó sì tún wá kọ ọ́ sábẹ́ pósìtì tiwa. Ó ní àwọ̀ ọsàn lòun rí nínú fóònù tóun fi sanwó, èyí tó dé ọwọ́ òun dà bí epo tó ti dì. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó àbúrò òun, òun pè wá títí, kò sẹ́ni tó gbé e.

Ojú mi ni wọ́n ṣe di ẹrù yẹn, lójú tèmi aṣọ náà ò láìfí. Àmọ́ nínú fọ́tò tirẹ̀, ó ṣú lóòótọ́. Àwọn èèyàn sì ti ń kọ oríṣiríṣi sábẹ́ rẹ̀. Ẹnìkan tí kò ra òwú lọ́wọ́ wa rí ní àwa náà la já òun jẹ lọ́dún tó kọjá!

Ìyá ní kí n pa á rẹ́ kí n sì bùlọ́ọ̀kù rẹ̀, pé ẹni tó bá fẹ́ jà kó wá sílé. Ọkọ mi ní ká dákẹ́, pé tó bá di ọ̀la wọ́n á ti rí ọ̀rọ̀ míì sọ. Kí lẹ̀yin máa ń ṣe?

---

Ọmọ Ìyẹ̀rú | Ọ̀fà

Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ o. Èyí tó wà lójúewé tirẹ̀, agbára yín ò ká a, orúkọ yín nìkan lẹ lè yọ kúrò lára rẹ̀. Èyí tó wà lábẹ́ pósìtì yín lẹ lè pa rẹ́, ó sì dájú pé ó ti ya skrinṣọ́ọ̀tì rẹ̀ pamọ́. Kó tó dalẹ́ yóò gbé e jáde: "Ẹ wò ó, wọ́n ti pa ọ̀rọ̀ mi rẹ́." Àwọn tí àwọ̀ gèlè ò kàn tẹ́lẹ̀ máa bá a dá sí ìyẹn. Pósìtì kejì a máa gbóná ju àkọ́kọ́ lọ.

Ará Ọ̀fà lèmi náà. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹ má gbàgbé 😄

---

Ìyá Oníbúkà | Tanke

Ìyàwó wa, fèsì báyìí, kó o tó jẹun alẹ́. Mi ò ní kó o yanjú rẹ̀ báyìí o. Mo ní kó o fèsì. Ọ̀tọ̀ ni ìkan, ọ̀tọ̀ ni ìkejì.

Àwọn ọmọ Yunifásítì ni kọ́sítọ́mà mi níbí. Bí ọmọ kan bá rí òkúta nínú ẹ̀wà, kó tó gbé ṣíbí sílẹ̀ ọ̀rọ̀ ti dé gúrúùpù WhatsApp kíláàsì wọn. Bí mo bá ní kí n kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ṣa ẹ̀wà, wọ́n á ti sọ òkúta kan di àpò òkúta. Ohun tí mo máa ń kọ ò ju ìlà mélòó kan lọ: orúkọ ẹni náà, ohun tó sọ gan-an, ìgbà tí n óò padà wá bá a. Bí àpẹẹrẹ:

"Fáùsíà, mo ti rí ohun tó o kọ nípa òkúta inú ẹ̀wà ọ̀sán. Mo ti gbé ìkòkò yẹn kúrò nílẹ̀, a ò ta á mọ́ lónìí. Màá pè ẹ́ kí aago mẹ́jọ tó lù. Èmi Ìyá Oníbúkà fúnra mi ni."

Ó parí. Mi ò kọ àwáwí kankan mọ́ ọn. Iná tí wọ́n mú lọ, ọmọ iṣẹ́ tí kò wá, ẹ̀wà tó wọ́n lọ́jà, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ eyín ọmọ náà ló ń dùn ún, kì í ṣe ọjà mi.

Bí o bá ti dá aago, mú un ṣẹ. Aago mẹ́jọ tó o dá tó ò pè burú ju kó o má dá a rárá lọ. Bí o ò bá tíì rí ìdáhùn nígbà náà, ṣì pè é, kó o ní "mo ṣì ń bá àwọn ahunṣọ sọ̀rọ̀, ó di àárọ̀ ọ̀la."

Èyí tí mi ò lè gbà láyé ni àwọn gbólóhùn tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá máa ń lẹ̀ mọ́ gbogbo èèyàn lójú: "A kẹ́dùn fún ìnira yòówù tí èyí lè ti fà fún yín." Ìnira yòówù? Ó ṣáà ti sọ ìnira rẹ̀ fún yín! Àwọn míì á ní "ẹ má bínú bó bá bí yín nínú." Ó ti bí i nínú ná, ló fi kọ ọ́. Ẹni tó bá ka irú nǹkan báyẹn mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ka tòun. Ó kúkú sàn kẹ́ ẹ dákẹ́.

---

Bàbá Ọjà-Ọba | Ìlọrin

Àsàlámù àlékùn gbogbo yín. Mo ti ń tajà láti ìgbà tí kò sí fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ẹ pe obìnrin náà! Gbogbo kíkọ-kíkọ yìí ń kọ́? Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Kí Ìyá fúnra wọn pè é, kì í ṣe ìyàwó ilé. Bí àgbàlagbà bá pe èèyàn tó ní "Ọmọ mi, ẹ kú ìnáwó, Ọlọ́hun á jẹ́ ó yẹ yín o, mo gbọ́ pé aṣọ wa ò tẹ́ ẹ lọ́rùn," ìdajì ìbínú ti lọ nìyẹn. Lójú gbogbo ayé, olúkúlùkù ló fẹ́ borí. Lórí fóònù, ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ wà níbẹ̀.

---

Ìyá Oníbúkà | Tanke

Bàbá, ẹ ṣé, kí Ìyá pè é dára, ẹ ò jayò pa. Àmọ́ àwọn tó ń wò níta ò gbọ́ ìpè yẹn. Gbogbo ìlú ló ka ẹ̀sùn, ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Lójú tèmi, ẹ fèsì kúkúrú níta, ẹ ṣe àlàyé lórí fóònù, tó bá parí kẹ́ ẹ tún padà síta láti sọ bó ṣe parí. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé. Wọ́n á yanjú ọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, tí ẹ̀sùn á sì wà níta láìlópin. Ẹni tó bá wá orúkọ ìsọ̀ yín lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ̀sùn nìkan ni yóò rí.

---

Alátùn-únṣe Fóònù | Challenge, Ìlọrin

Ẹ jẹ́ kí n fi ìdí míì tó fi yẹ kẹ́ ẹ tètè fèsì kún un, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ọ́: àwọn oníjìbìtì máa ń ṣáájú ẹni tó bá ń lọ́ra.

Ẹnìkan tó máa ń wá tún fóònù ṣe lọ́dọ̀ mi kọ ọ́ sábẹ́ pósìtì báǹkì kan pé tìránsífà òun ò wọlé, owó sì ti kúrò. Kí báǹkì tó dá a lóhùn, ẹnìkan tó fi àmì báǹkì náà ṣe fọ́tò ti wà nínú ínbọ́ọ̀sì rẹ̀: "Ẹ kú sùúrù sà, ẹ fi nọ́ńbà ara káàdì ATM yín ránṣẹ́ ká fi dá owó yín padà." Ó fi ránṣẹ́. Wọ́n ní kó fi OTP, nọ́ńbà àṣírí tí báǹkì ń fi sórí fóònù èèyàn, ránṣẹ́ náà tó bá ti wọlé. Ẹ mọ ìyókù. Ìgbà tí báǹkì wá fèsì, owó kejì ti bá ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ má rò pé báǹkì nìkan ni wọ́n ń ṣe é sí. Wọ́n lè kó fọ́tò aṣọ òfì yín, kí wọ́n ṣí ojúewé tó jọ tiyín, kí wọ́n wá bá obìnrin yẹn: "Àwa ni o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ́kọ́ san owó wébíìlì ká fi pààrọ̀ rẹ̀." Inú ń bí i, ìgbéyàwó ti sún mọ́lé, yóò san án. Nítorí náà, nínú èsì àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa kọ, ẹ sọ ọ́ pé nọ́ńbà tó wà lójúewé yín nìkan lẹ máa fi pè, ẹ ò sì ní béèrè owó tàbí OTP lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀sùn tìránsífà ńkọ́, irú "mo ti sanwó, ẹ ní ẹ ò rí i"? Ẹ má pe èèyàn ní òpùrọ́ tàbí olè níta, ẹ má sì gba fọ́tò rìsíìtì gbọ́ lásán, ọmọdé lè fi fóònù ṣe ayédèrú rẹ̀. Ẹ ní kó fi session ID ránṣẹ́ sí ínbọ́ọ̀sì, nọ́ńbà gígùn onídíjíìtì 30 tó máa ń wà lára rìsíìtì tìránsífà láti báǹkì kan sí òmíràn. Òun ni báǹkì fi ń tọpa owó.

---

Ìyàwó Aláṣọ-Òfì | Òkèlélé, Ìlọrin

Ọlọ́hun á san yín lẹ́san. Mo ń kọ ọ́ lọ́wọ́ báyìí. Àmọ́ Ìyá ní ìbéèrè kan tí wọn ò jẹ́ kí n gbé fóònù sílẹ̀ títí n óò fi bi yín: tí a bá kọ "ẹ má bínú" síta, ṣé a ò ti fọwọ́ ara wa kọ ọ́ pé a jẹ̀bi, tí yóò fi gba gbogbo owó rẹ̀ padà? Owó òwú nìkan ti wọ́n báyìí, ẹ wo ti ahunṣọ.

---

Amòfin Ìgbómìnà | Òmù-Àrán

Ẹ kí Ìyá fún mi. Ìbéèrè wọn mọ́gbọ́n dání.

Kí ẹ bẹ ẹni tí nǹkan ò dáa fún kò sọ yín di ẹlẹ́bi. Ẹ lè ní "ẹ má bínú pé ẹ pè wá tí a ò gbé e," torí ìyẹn ṣẹlẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀. Ní ti àwọ̀, ẹ ní "a fẹ́ fi ojú ara wa wò ó." Ẹ má kọ "aṣọ wa ò dáa" nígbà tẹ́ ẹ ò tíì rí i, ẹ má sì kọ "irọ́ lẹ ń pa." Àgbẹjọ́ ẹnìkan dá, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń parí rẹ̀.

Ní ti owó: òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, èyí tí àjọ FCCPC ń mú ṣẹ, sọ pé ọjà tí èèyàn rà nípa àpèjúwe tàbí àpẹẹrẹ tí wọ́n fi hàn án gbọ́dọ̀ bá ohun tí wọ́n fi hàn án mu. Fọ́tò tẹ́ ẹ gbé sórí Instagram, àpẹẹrẹ ni. Bí àwọ̀ bá yàtọ̀ gédégédé, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà láàárín àkókò tó bọ́gbọ́n mu. Nítorí náà, kì í ṣe "ẹ má bínú" ló máa gba owó lọ́wọ́ Ìyá. Bí ohunkóhun bá máa gbà á, fọ́tò yẹn ni. Ẹ lọ wò ó dáadáa kí ẹ tó jiyàn.

Nǹkan méjì míì tí mo máa ń rí tó sì máa ń bà mí lẹ́rù.

Àkọ́kọ́, ọlọ́jà tínú bá ń bí a máa gbé gbogbo ohun tí wọ́n jọ sọ lórí WhatsApp síta, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù kọ́sítọ́mà àti àdírẹ́sì ilé rẹ̀, kí ayé lè rí i pé òun ló jàre. Ẹ má dán an wò. Ilẹ̀ wa ti ní òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni láti ọdún 2023. Ẹni tó jàre nípa àwọ̀ gèlè lè jẹ̀bi nípa ìyẹn.

Ìkejì, ọlọ́pàá. Ẹ rántí ti 2023, nígbà tí obìnrin kan kọ sórí Facebook pé tòmátò ilé iṣẹ́ kan ti dùn jù, ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀. Wọ́n fi ọlọ́pàá mú un. Ọ̀rọ̀ náà gba gbogbo Nàìjíríà kan. Ọ̀pọ̀ tí kò gbọ́ orúkọ tòmátò yẹn rí wá gbọ́ ọ, kì í ṣe lọ́nà tí olówó rẹ̀ fẹ́. Èsì kan ṣoṣo lábẹ́ pósìtì yẹn ì bá ti tó: "Ẹ ṣeun, irú èyí tí ṣúgà rẹ̀ kéré wà, ẹ jẹ́ ká fi ránṣẹ́ sí yín."

---

Ẹlẹ́wàrà | Kúléńdé

Tiwa tí à ń ta oúnjẹ le díẹ̀ jù ti aṣọ. Bí ẹnìkan bá ní wàrà òun ti kan, mo máa ń béèrè ìgbà tó gbà á àti ibi tó gbé e sí, torí wàrà tútù ò fẹ́ oòrùn. Mo máa ń béèrè pẹ̀lú ohùn ẹni tó fẹ́ mọ̀ ni o, kì í ṣe bíi ti adájọ́. Àmọ́ tó bá ní inú ń run òun, tàbí ọmọ òun ń bì, mi ò béèrè nǹkan kan mọ́ níta. Mo máa ń pè é lẹ́sẹ̀ kan náà, kó gbé ọmọ lọ síbi ìtọ́jú kíákíá. Wàrà tí a jọ sè lọ́jọ́ yẹn, n óò dá títà rẹ̀ dúró, màá sì kọ ọ́ síta kí àwọn yòókù tó rà á má jẹ ẹ́. Owó máa bọ́ lọ́wọ́ mi. Kó bọ́.

---

Ọmọ Màlété | KWASU

Ẹ jẹ́ kí n ba yín sọ ti fóònù fúnra rẹ̀, torí púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní "wọn ò dáhùn", wọn ò rí ọ̀rọ̀ náà ni.

Lórí Instagram, ẹni tẹ́ ò bá tẹ̀ lé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í wọ ínbọ́ọ̀sì yín tààrà, abẹ́ Requests ló máa ń wà. Ẹ̀sùn lè jókòó síbẹ̀ fún oṣù kan. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Lórí Facebook náà, spam a máa gbé ọ̀rọ̀ mì nígbà míì.

Ẹni tó bá ń fi WhatsApp lásán tajà, kó gba WhatsApp Business, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè ṣe é kó máa dá èèyàn lóhùn nígbà tẹ́ ẹ bá ti ti ìsọ̀, ẹ sì lè lẹ àmì aláwọ̀ mọ́ orúkọ ẹni tó ní ẹ̀sùn kí ẹ má bàa gbàgbé rẹ̀ sáàárín àwọn tó ń béèrè "èló ni?" Àmọ́ ẹ gbọ́ o: èsì tí fóònù fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́, ẹ má kà á sí èsì. Mo ti rí ibi tí obìnrin kan ti kọ pé ẹrù òun sọnù, tí fóònù dá a lóhùn pé "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kàn sí wa! Ẹ wo ọjà wa tuntun!" Yéè. Ẹ kọ ọ́ ní wẹ́rẹ́: "A ti ti ìsọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀ la máa ṣí. Tó bá jẹ́ ẹ̀sùn ni, ẹ kọ ọ́ síbí, òun la máa kọ́kọ́ kà."

Ní ti ẹni tó ń bú ìyá èèyàn tàbí ẹ̀yà èèyàn lábẹ́ pósìtì, Hide wà lórí Facebook. Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ló máa máa rí i. Èébú nìkan ni kẹ́ ẹ fi ṣe. Ẹ má fi ṣe ẹ̀sùn.

---

Ọ̀gá Páàkì | Ọ̀fà Gáréèjì, Ìlọrin

Ìdajì ẹ̀sùn yín, ti wébíìlì ni. Bí mọ́tò bá ti gbéra, ẹ fi nọ́ńbà dẹ́rẹ́bà àti àwọ̀ mọ́tò ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ẹrù, ẹ má dúró dìgbà tó bá béèrè. Tó bá sì pẹ́, ẹ yé sọ níta pé "àwọn onímọ́tò ni." Ẹ̀yin lẹ yan onímọ́tò, kọ́sítọ́mà ò mọ̀ wá rí.

---

Kò-gbọ̀jẹ̀gẹ́ | Share

Gbogbo yín ń sọ bí ẹni pé kọ́sítọ́mà kì í parọ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ iṣẹ́ wọn nìyẹn. Wọ́n á wọ aṣọ lọ sóde, wọ́n á fi jó, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á wá ní àwọ̀ ti ṣí. Bẹ́ ẹ bá ń bẹ irú wọn níta, gbogbo àwọn bíi tiwọn á tẹ̀ lé e. Èmi máa ń bùlọ́ọ̀kù wọn ni, mo sì ń sun oorun mi.

---

Ọmọ Ìyẹ̀rú | Ọ̀fà

Ọ̀gá mi, wọ́n wà, mi ò jiyàn. Àmọ́ ẹni tó bá ń parọ́ gan-an ni èsì tútù máa ń tú àṣírí rẹ̀. Ẹ béèrè ọjọ́ tó gbà á, ẹ ní kó gbé aṣọ wá ká jọ wò ó. Olóòótọ́ á gbé e wá. Èkejì á ní kẹ́ ẹ ṣáà fowó ránṣẹ́. Àwọn tó ń kà á á rí i fúnra wọn, ẹ ò ní láti pè é lólè.

Bẹ́ ẹ bá ti fèsì lẹ́ẹ̀mejì níta tó ṣì ń pariwo, ẹ kọ "a ti pè yín, ọ̀nà wa ṣí sílẹ̀," kẹ́ ẹ sì dákẹ́ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi èsì kẹẹ̀ẹ́dógún jàre rí.

Ìyàwó, báwo ló ṣe wá rí?

---

Ìyàwó Aláṣọ-Òfì | Òkèlélé, Ìlọrin

Ẹ kú àárọ̀ o. Ohun tí mo kọ lálẹ́ àná nìyí:

"Àǹtí, ẹ kú ìnáwó. A ti rí fọ́tò gèlè àti ìborùn yín, a sì rí i pé ẹ pè wá lọ́sàn-án tí a ò gbé e. Ẹ má bínú sí wa. Ìyá fúnra wọn máa pè yín kí aago mẹ́jọ alẹ́ yìí tó lù. Nọ́ńbà tó wà lójúewé yìí nìkan la máa fi pè, a ò ní béèrè owó kankan."

Ìyá pè é lóòótọ́, lẹ́yìn ìrun Mọ̀ńgàríbì. Ẹ ò rí ẹni tó ní kí n bùlọ́ọ̀kù èèyàn! Wọ́n kí i, wọ́n kí ìyàwó, wọ́n kí àna, wọ́n ṣàdúà títí kí wọ́n tó dárúkọ gèlè. Obìnrin náà wá ya fídíò aṣọ náà ránṣẹ́ nínú iná ilé rẹ̀ àti lẹ́nu ọ̀nà. Èmi gbé èyí tó kù nínú òwú yẹn jáde sí oòrùn àárọ̀, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò tó wà lórí Instagram. Ọmọ tó ń bá wa tún fọ́tò ṣe ti fi ìmọ́lẹ̀ kún un kó lè tàn. Aṣọ tí wọ́n hun ò ní àléébù, fọ́tò ló purọ́.

Ó ní òun fara mọ́ ìborùn, ó bá búbà tí òun rán lọ. Gèlè ni kò lè lọ. Àwọn ahunṣọ ní àwọn lè parí gèlè míì kí Àlàrùbá tó ṣú, èyí tó mọ́lẹ̀ bíi ti fọ́tò, kó dé Ọ̀fà ní Àlàmísì. Ìyá gbà, wọ́n ráhùn díẹ̀, wọ́n gbà.

Pósìtì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ o, àwọn èèyàn ṣì ń kọ ọ̀rọ̀ sí i. Ṣé mo lè ní kó pa á rẹ́ báyìí tí a ti parí ìjà?

---

Ìyá Oníbúkà | Tanke

Má sọ ọ́. Bó o bá béèrè lónìí tí gèlè ò tíì dé, yóò rò pé ìdí tẹ́ ẹ fi ń ṣe dáadáa nìyẹn. Kọ ọ́ sábẹ́ pósìtì náà: "A ti bá Àǹtí sọ̀rọ̀, àwọ̀ fọ́tò wa ló mọ́lẹ̀ ju aṣọ lọ, a ń hun gèlè míì, ọjọ́ báyìí ló máa dé." Dárúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Tí gèlè bá dé, òun fúnra rẹ̀ lè gbé e wé kó gbé fọ́tò sí i, ó sì lè má gbé e. Èyíkéyìí tó bá ṣe, tiyín ti wà níbẹ̀.

---

Ọmọ Màlété | KWASU

Ẹ sì yọ fọ́tò yẹn kúrò lórí Instagram lónìí, kí ẹlòmíì má tún fi sanwó. Ẹ ya òmíràn níta, lábẹ́ ibòji, kì í ṣe nínú oòrùn gangan, kì í ṣe abẹ́ iná. Ẹ fi bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ: bí bébà bá ti dà bíi pé ó pọ́n tàbí ó ṣú nínú fọ́tò, àwọ̀ aṣọ náà ti yí nìyẹn. Ẹ fi fídíò kékeré kún un, kí ọwọ́ máa yí aṣọ náà sọ́tùn-ún sósì. Ẹ wá sọ fún ọmọ yẹn pé kó fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sára fọ́tò ọjọ́ ìbí.

---

Ìyàwó Aláṣọ-Òfì | Òkèlélé, Ìlọrin

😂 Mo ti sọ fún un. Ó ku ẹyọ kan: owó wébíìlì gèlè kejì, àwa la máa san án ni, àbí òun?

---

Bàbá Ọjà-Ọba | Ìlọrin

Ẹ̀yin ni. Ẹ sì san án fún dẹ́rẹ́bà níbi, kí wọ́n má bàa béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ọ̀fà.